Ihò Gbọọrọ Ara Irin Ìyá Motún

"Ihò gbọọrọ kì í ṣe àṣìṣe alágbẹ̀dẹ, ó mọ̀ pé ẹsẹ̀ á wú ni." Ẹ ti gbọ́ òwe yìí rí, àbí ẹ ò gbọ́ ọ? Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu àgbàlagbà tó ń parí ìjà tọkọtaya, tàbí lẹ́nu ìyá tó ń bá ọmọ rẹ̀ wí. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ mọ ibi tí ó ti ṣẹ̀? Àwọn kan ní láyé ogun ni, pé ẹsẹ̀ ẹrú tí wọ́n kó ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ sí ló wú. Irọ́ ni. Àwọn mìíràn á sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀, wọn á máa fi ṣàlàyé ìwà ẹ̀dá títí ọbẹ̀ á fi jóná lórí iná. Kò rí bẹ́ẹ̀ náà. Ẹsẹ̀ gidi ni ẹsẹ̀ tí òwe náà ń wí, irin gidi ni irin rẹ̀, èèyàn sì lè ki ìka bọ ihò náà. Òwe ọ̀hún kò tilẹ̀ tíì gbó. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti kọ́kọ́ ya ihò tó bí i.

Ní ìlú Ìkìrun, ládùúgbò kan tí àwọn alágbẹ̀dẹ pọ̀ sí, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Ògúndáre. Ó ti rọ ọkọ́ àti àdá, ó ti ṣe géètì, ó ti ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin gbágùúdá. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí o bá bi í pé báwo ni iṣẹ́, á gbé iṣẹ́ náà sókè kí o rí i. Ìyàwó rẹ̀, Ìbíwùmí, tí gbogbo ayé ń pè ní Ìyá Motún, ló ń sọ̀rọ̀ fún àwọn méjèèjì. Fún ọdún mẹ́rìndínlógójì, bí oòrùn bá ti kan àtàrí, ìyá yìí á gbé oúnjẹ, á gba ẹ̀yìnkùlé, á rìn lọ sí ilé àgbẹ̀dẹ ọkọ rẹ̀. Ibẹ̀ kò jìnnà. Láti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn dé ibẹ̀ kò ju ogójì ìṣísẹ̀ lọ. Á jókòó sórí ìtì igi kan, á máa wo ọkọ rẹ̀ bó ṣe ń jẹun, á sì máa rí àléébù sí iṣẹ́ rẹ̀.

"Bàbá Motún, géètì yìí wọ́."

"Bàbá Motún, ta lẹ fẹ́ kó ra àdá tó rí bí etí ewúrẹ́ yìí?"

Ọkùnrin náà kò ní fèsì. Ṣùgbọ́n bí ìyàwó bá ti yíjú, á dìde, á tún géètì náà nà.

Nígbà tó yá, àrùn rọpárọsẹ̀ dá ìyá náà dùbúlẹ̀. Ẹnu rẹ̀ padà bọ̀ sípò, ọwọ́ òsì rẹ̀ padà díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ òsì kọ̀, kò gba. Láti ìgbà náà, Ògúndáre ló ń lọ sílé jẹun. Á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, á jẹ òkèlè mẹ́ta mẹ́rin, á ní òun ti yó. Ní ilé àgbẹ̀dẹ, kò sí ẹni tó ń sọ fún un mọ́ pé géètì wọ́.

Àkọ́bí wọn obìnrin, Motúnráyọ̀, rí gbogbo rẹ̀. Òṣogbo ni Motúnráyọ̀ ń gbé, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ irin kan tó ní ẹ̀rọ tó ń fi iná gé irin. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti ya irin náà sórí kọ̀ǹpútà. Ohun tó bá yà, gígùn tó bá kọ sí i, ni ẹ̀rọ máa gé, kò ní fi bí irun orí dín, kò sì ní fi lé. Ó fẹ́ràn iṣẹ́ náà nítorí pé kì í parọ́. Láti kékeré ló ti ń rí bàbá rẹ̀ tó ń fojú wọn irin, tó ń fi okùn wọn ilẹ̀kùn, tó ń ní "ó tó bẹ́ẹ̀". Ó nífẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n "ó tó bẹ́ẹ̀" yẹn máa ń rí i lára.

Wọ́n ti ra irin ẹsẹ̀ kan fún ìyá náà rí, irú èyí tí wọ́n máa ń so mọ́ ẹsẹ̀ kó lè gbé èèyàn dúró. Wọ́n rà á bí ẹni ra bàtà lọ́jà, wọn ò wọn ẹsẹ̀ rẹ̀ sí i. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni irin náà fi bó o lára. Ìyá Motún jù ú sábẹ́ ibùsùn, ó sì pe ọkọ àti ọmọ rẹ̀ jọ.

"Ẹ gbọ́ o. Mo tún máa wọ ẹyọ kan sí i. Ẹyọ kan péré. Bí ìyẹn náà bá bù mí jẹ, ẹ gbé mi padà sórí ibùsùn mi, kí ẹ má sì fi irin dà mí láàmú mọ́ títí n ó fi kú."

Wọ́n mọ̀ pé ohun tó wí ló máa ṣe. Obìnrin náà kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ògúndáre fẹ́ rọ irin náà fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Bó bá di dírìlì mú, dírìlì á máa jó lórí irin. Nítorí náà, ó wọn ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú okùn bí ó ti ń wọn gbogbo nǹkan láyé rẹ̀, ó ta kókó síbi tó yẹ, ó sì gbé okùn náà lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́.

Motúnráyọ̀ tẹ́ okùn náà sórí tábìlì. Gígùn láti orúnkún dé gìgísẹ̀, kókó kan. Ìbú àtẹ́lẹsẹ̀, kókó kan. Ṣùgbọ́n níbi tó fi yí àárín ojúgun ká, kókó méjì ló wà níbẹ̀. Ẹ̀kejì fi bí ìbú ìka kan kọjá àkọ́kọ́.

"Bàbá mi, ẹ ta kókó méjì síbì kan níhìn-ín."

"Méjì ni."

"Èwo ni kí n lò nínú wọn?"

"Méjèèjì." Ògúndáre sì padà sídìí ẹwìrì rẹ̀.

Ó wo bàbá rẹ̀ lẹ́yìn, àánú ṣe é. Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó mú téèpù tirẹ̀, ó wọn ojúgun ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Sẹ̀ǹtímítà mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló jẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta. Ó gbé téèpù lé okùn. Ó bá kókó àkọ́kọ́ mu gẹ́lẹ́. Ó wá dá a lójú. Ó ní nínú ọkàn rẹ̀ pé, "Ogbó ló ta kókó kejì yìí." Kò sì bi bàbá rẹ̀ léèrè mọ́, nítorí kò fẹ́ kó tijú.

Bí irin náà ṣe rí nìyí. Irin gígùn méjì tẹ̀lé ẹsẹ̀ láti ìsàlẹ̀ orúnkún dé bàtà, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ní àárín ojúgun, ọ̀já irin pẹlẹbẹ méjì yí ẹsẹ̀ ká bí ìgbà tí èèyàn fi ọwọ́ méjì gbá a mú. Orí ọ̀kan gun orí ìkejì níwájú, bóòtù kan ló sì so wọ́n pọ̀. Motúnráyọ̀ ya gbogbo rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà. Níbi tí bóòtù yóò gbà, ó fi ihò roboto kan sí ọ̀já kọ̀ọ̀kan, mìlímítà mẹ́fà, kò lé, kò dín. Ẹ̀rọ gé e. Ó fi awọ rírọ̀ tẹ́ inú rẹ̀. Gbogbo ilé iṣẹ́ ló wò ó, wọ́n ní ó dára.

Ó gbé e dé Ìkìrun láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé mìíràn. Ó fi sípánà dè é mọ́ ìyá rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ó gba ẹsẹ̀ náà bí èèpo ṣe gba ẹ̀pà. Ìyá Motún di ọ̀pá mú, ó dìde. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé ìkejì, ó rìn láti ibùsùn dé ojú fèrèsé, ó sì rìn padà.

"Ẹ wò mí o," ni ìyá wí. "Motún, o ti sọ mí di sójà."

Ẹ̀rín sọ nínú ilé. Ìyá Motún ní àwọn yóò dúró títí di ọ̀sán, pé àkókò oúnjẹ ọkọ òun ni òun fẹ́ rìn dé ilé àgbẹ̀dẹ, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n gbé àga fún un. Ó jókòó pẹ̀lú irin lẹ́sẹ̀ láti aago mẹ́jọ títí oòrùn fi dé àtàrí, kò jẹ́ kí wọ́n tú u. Bí ọmọ tí wọ́n rán aṣọ ọdún fún ló rí.

Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, ó dìde, ó gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde. Motúnráyọ̀ gbé abọ́ oúnjẹ tẹ̀lé e. Ìṣísẹ̀ mẹ́wàá. Ìṣísẹ̀ méjìlá. Nígbà tó di ìkẹẹ̀ẹ́dógún, ìyá náà dúró. Kò pariwo. Ó kàn rọra jókòó sórí odó tí wọ́n da ojú rẹ̀ délẹ̀ lẹ́bàá ògiri, ó sì wí pé, "Ẹ tú u."

Ògúndáre ti sáré dé láti ilé àgbẹ̀dẹ. Ó di sípánà mú, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, sípánà ń yọ̀ kúrò lórí nọ́ọ̀tì. Ó tún gbé e lé e, ó tún yọ̀. Ìyá náà ń wo ojú ọ̀run, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Motúnráyọ̀ gba sípánà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó tú u. Nígbà tí ọ̀já irin náà ṣí, wọ́n rí i pé ẹsẹ̀ ti wú, etí irin sì ti wọlé sí i lára, ó pọ́n roro yí ojúgun ká.

Motúnráyọ̀ kúnlẹ̀. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

Ìyá gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lé e lórí. "Irin rẹ dára, ọmọ mi. Ẹsẹ̀ mi ni kò dára." Lẹ́yìn náà ló wí pé, "Ẹ gbé mi wọlé. Mo ti sọ ti èmi tẹ́lẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn, "ẹsẹ̀ mi ni kò dára", ló dun Motúnráyọ̀ ju èébú lọ. Ká ní ìyá rẹ̀ bú u ni, ìbá sàn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó lọ jókòó ti bàbá rẹ̀ ní ilé àgbẹ̀dẹ. Oúnjẹ ọ̀sán ṣì wà nínú abọ́, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

"Bàbá mi, mo wọn ẹsẹ̀ yẹn dáadáa. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wọ̀n ọ́n."

"Nígbà wo?"

"Láàárọ̀."

"Ẹ̀ẹ̀mẹta láàárọ̀." Ògúndáre mi orí. "Èmi wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀, mo sì wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan nírọ̀lẹ́. Bí ilẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́, ẹsẹ̀ ìyá rẹ máa ń rí bí ẹsẹ̀ ọmọge. Bó bá ti jókòó di ọ̀sán, omi á ti sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

Ọkùnrin náà wò ó bí ẹni pé ìbéèrè náà kò mọ́gbọ́n wá. "Ta ló ń fi òrí pa á lójoojúmọ́?"

Ọdún méjì ni bàbá rẹ̀ ti ń fi òrí pa ẹsẹ̀ náà ní ìrọ̀lẹ́, ìrọ̀lẹ́. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn mọ ẹsẹ̀ náà ju téèpù lọ.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Mo ta kókó méjì. Kí ni kí n tún sọ?"

"Mo rò pé..."

"O rò pé mo ti darúgbó."

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá mi."

"Mo ti darúgbó lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ni ogbó dé sí, kò tíì dé orí okùn." Ó dìde, ó gbé irin kan tí ẹ́ńjìnnì máa ń jókòó lé wá láti igun, ti ẹ̀rọ ìringbágùúdá tó ti ṣe láti ọjọ́ pípẹ́. Ihò mẹ́rin ló wà lára rẹ̀, kò sí ẹyọ kan tó ṣe roboto nínú wọn. Gbọọrọ ni gbogbo wọn. "Bẹ́líìtì tó ń yí ẹ̀rọ máa ń dẹ̀. Bó bá dẹ̀, wọn á ti ẹ́ńjìnnì sẹ́yìn díẹ̀ nínú ihò yìí, bẹ́líìtì á tún le. Mo máa ń lu ihò méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, n ó sì fi ayùn rẹ́ àárín wọn títí wọn á fi di ọ̀kan. Ìwọ lo máa ń di ẹ̀gbẹ́ kejì irin mú fún mi. O ti gbàgbé ni?"

Kò gbàgbé. Ohun tó ń rò láti kékeré ni pé ihò roboto ló bà jẹ́ mọ́ bàbá òun lọ́wọ́, tó wá ń fẹ̀ ẹ́.

Ó fa kọ̀ǹpútà yọ nínú báàgì, ó gbé e lé orí ìtì igi, ó sì ṣí àwòrán irin náà. Ògúndáre fa àpótí súnmọ́ ọn. Kò tíì wo iṣẹ́ ọmọ rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà rí. Motúnráyọ̀ pa ihò roboto tí ó wà lára ọ̀já òkè rẹ́, èyí tó wà lára ti ìsàlẹ̀ ló fi sílẹ̀. Ó wá lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ya ihò gbọọrọ, ibi tí kì í sábà dé.

"Ó ń bi ọ́ ní nǹkan," ni bàbá wí, nítorí ó rí ọ̀rọ̀ tó yọ sójú kọ̀ǹpútà.

"Ó ní kí n fi ibi tí àárín ihò yóò ti bẹ̀rẹ̀ hàn án. Lẹ́yìn náà, kí n fi ibi tí yóò parí sí hàn án. Lẹ́yìn náà ni kí n sọ bó ṣe máa fẹ̀ tó."

Ògúndáre na ọwọ́ sínú báàgì ọmọ rẹ̀, ó fa okùn náà yọ. Ó fi èékánná tẹ kókó àkọ́kọ́. "Ibí yìí ló ti bẹ̀rẹ̀." Ó tẹ ìkejì. "Ibí yìí ló parí sí."

Motúnráyọ̀ wọn àárín kókó méjèèjì. Mìlímítà méjìdínlógún. Ó tẹ ibi àkọ́kọ́, ó tẹ ibi kejì, ihò náà sì la ojú lára irin.

"Kò dára," ni Ògúndáre wí.

"Kí ló ṣe é?"

"O gbé e dúró bí ilẹ̀kùn. Ẹsẹ̀ kì í wú sókè. Ẹ̀gbẹ́ ló ń wú sí. Jẹ́ kí ihò náà dùbúlẹ̀."

Ọmọ rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. Ó yí i, ihò náà dùbúlẹ̀ tẹ̀lé ọ̀já irin. Ó fẹ́ kọ mìlímítà mẹ́fà sí fífẹ̀ rẹ̀. Bàbá ní, "Ṣé bí bóòtù ṣe tó gan-an nìyẹn? Á há. Jẹ́ kó mí díẹ̀." Ọmọ fi ìdajì mìlímítà lé e.

Ògúndáre tún tẹjú mọ́ ọn. "Orí rẹ̀ méjèèjì ṣe roboto."

"Bí kọ̀ǹpútà ṣe máa ń yà á nìyẹn. Ṣé kí n sọ ọ́ di onígun?"

"Má dán an wò! Ibi igun ni irin ti máa ń ya." Ó fà sẹ́yìn, ó wo ẹ̀rọ náà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. "Ta ló kọ́ ẹ̀rọ yìí lọ́gbọ́n bẹ́ẹ̀?"

"N ò mọ̀, Bàbá mi."

"Alágbẹ̀dẹ kan ni."

Ọ̀kan ṣì kù tí bàbá kò sọ, Motúnráyọ̀ ló rí i fúnra rẹ̀. Ó rántí bí ìyá rẹ̀ ṣe jókòó sórí odó tó ń wo ojú ọ̀run, tó ń dúró de ẹni tí yóò tú u sílẹ̀. Ó yọ nọ́ọ̀tì tí wọ́n ń fi sípánà tú, ó fi elétí méjì rọ́pò rẹ̀, èyí tí èèyàn lè fi ìka yí. Ó sì fi iná jó orí bóòtù mọ́ ọ̀já ìsàlẹ̀, kó má baà máa bá nọ́ọ̀tì yí.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ ìyá ti jinná. Motúnráyọ̀ gbé irin tuntun wọlé, ó ti to ọ̀rọ̀ sẹ́nu láti Òṣogbo. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́: ó ní ìrètí kì í dójú tini, ó ní sùúrù ni baba ìwà.

Ìyá Motún dá a dúró. "Ọ̀rọ̀ rẹ dùn. Ṣé ọ̀rọ̀ dídùn ni n ó dè mọ́ ẹsẹ̀? Gbé irin yẹn kúrò lójú mi."

Ògúndáre dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé, kò lọ. Motúnráyọ̀ gbé gbogbo ọ̀rọ̀ tó kù mì. Ó jókòó sétí ibùsùn, ó mú ọwọ́ ọ̀tún ìyá rẹ̀, ó gbé ìka rẹ̀ lé orí nọ́ọ̀tì elétí méjì náà. "Màámi, ẹ yí i."

Ìyá yí i. Ọ̀já irin là díẹ̀. Ó yí i padà, ó sì fún. Ó tún tú u. Ó fa bóòtù láti orí kan ihò gbọọrọ náà dé orí kejì, ó fà á padà.

"Èmi fúnra mi ni n ó máa tú u?"

"Ẹ̀yin ni."

"N ò ní pe ẹnikẹ́ni?"

"Ẹ ò ní pe ẹnikẹ́ni."

Ìyá náà wo ọkọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo ọmọ rẹ̀. Ó wo nọ́ọ̀tì náà fún ìgbà pípẹ́.

"Ó dáa," ni ó wí. "Mo ní ẹyọ kan péré, mo sì ti wọ ẹyọ kan. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún ará ìta pé mo yẹ ọ̀rọ̀ mi o. Ẹ dè é."

Wọ́n tún dúró di ọ̀sán. Ó tún gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde. Ó rìn kọjá odó, kò wò ó. Nígbà tó ku bí ìṣísẹ̀ mẹ́wàá kó dé ilé àgbẹ̀dẹ, ó dúró. Abọ́ oúnjẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Motúnráyọ̀. Ògúndáre ti fẹ́ sáré, ṣùgbọ́n ìyá náà gbé ọwọ́ sókè pé kó dúró níbi tó wà. Ó fara ti ògiri, ó tẹ̀ síwájú, ó fi ìka méjì yí nọ́ọ̀tì. Ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mejì. Bóòtù rìn nínú ihò rẹ̀. Ó fún un padà, ó nàró, ó mí, ó sì ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ títí ó fi dé orí ìtì igi, ó jókòó.

Làmídì, alágbẹ̀dẹ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn, ti jáde wá wòran pẹ̀lú òòlù lọ́wọ́. Ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo irin náà tòkè tilẹ̀.

"Ògúndáre, iṣẹ́ ọmọ ẹ dára o, àfi ibì kan. Ihò yìí ya mọ́ ọn lọ́wọ́. Wò ó bó ṣe gùn bí ẹnu ọ̀nì! Ṣé àṣìṣe tó bá a wá láti Òṣogbo nìyẹn?"

Ògúndáre kì í fèsì, gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ó kọ́kọ́ wo ìyàwó rẹ̀, ó wá yíjú sí Làmídì.

"Ihò gbọọrọ kì í ṣe àṣìṣe alágbẹ̀dẹ," ni ó wí. "Ó mọ̀ pé ẹsẹ̀ á wú ni."

Ìyá Motún pàtẹ́wọ́ lu itan. "Ẹ gbà mí, Bàbá Motún sọ̀rọ̀!" Lẹ́yìn náà ló wò yí ká ilé àgbẹ̀dẹ, ó wo pàǹtírí ọdún méjì, ó wo ilẹ̀kùn irin kan tí wọ́n fi ti ògiri, ojú rẹ̀ sì le. "Ta ló ń gbé inú ààtàn yìí? Ilẹ̀kùn yẹn ńkọ́? Bàbá Motún, ó wọ́!"

Ògúndáre fa abọ́ sọ́dọ̀, ó fọ ọwọ́, ó sì jẹun. Kò jẹ òkèlè mẹ́ta. Ó jẹ gbogbo rẹ̀ tán, ó fi ìka nu abọ́. Motúnráyọ̀ jáde lọ dúró lẹ́yìn ilé fúngbà díẹ̀, kí wọ́n má baà rí omijé rẹ̀.

Làmídì ló gbé ọ̀rọ̀ náà káàkiri. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin fi wá fẹjọ́ ìyàwó sùn pé ohun tó bá wí láàárọ̀ kọ́ ló máa ń wí lálẹ́. Làmídì bi í pé ọmọ mélòó ni obìnrin náà ń tọ́ láàárín àárọ̀ sí alẹ́. Ó ní mẹ́ta. Làmídì sọ fún un pé kó lọ wo ihò ara irin Ìyá Motún. Láti ìgbà náà, bí ìjà bá ṣẹlẹ̀ ládùúgbò yẹn, wọn kì í rojọ́ gùn mọ́. Nígbà tó yá, àwọn tí kò mọ Ìkìrun rí náà ń pa á lówe.

Nítorí náà, bí àgbàlagbà bá pa òwe yìí fún yín, ẹ má wá ìtumọ̀ rẹ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn. Wọ́n máa ń pa á fún ẹni tó ń fi ẹlòmíràn ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń gba nǹkan fún ọkọ, fún aya, fún ọmọ tàbí fún òbí rẹ̀ tó ti ń gbó. Wọ́n máa ń pa á fún ẹni tó ṣe òfin tó há, tó fẹ́ kí èèyàn rẹ̀ rí ní ìrọ̀lẹ́ bó ṣe rí láàárọ̀. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ẹni tó fi àyè sílẹ̀ fún ọ kò ṣèèṣì. Ó ti wò ọ́ láàárọ̀, ó sì tún padà wá wò ọ́ nírọ̀lẹ́. "Ihò gbọọrọ kì í ṣe àṣìṣe alágbẹ̀dẹ, ó mọ̀ pé ẹsẹ̀ á wú ni."